Ta Ló Gba Ìgbà Eré Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti gègé, kí a ṣírò iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n ń lu agogo pé kí wọ́n tò. Aago méjì ọ̀sán ni ilé-ẹ̀kọ́ ń parí. Bí a bá yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìgbà eré kúrò, wákàtí mẹ́fà ni ọmọ náà fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó bá di aago méjì ààbọ̀, ẹ̀kọ́ àṣekún tí gbogbo wa ń pè ní lẹ́sìn á bẹ̀rẹ̀, kò sì ní parí títí di aago márùn-ún. Wákàtí méjì ààbọ̀ tún nìyẹn. Iṣẹ́ àmúrelé gba wákàtí kan ààbọ̀ lálẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, àádọ́ta wákàtí láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fi lẹ́sìn ọjọ́ Sátidé kún un, láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá, ó di wákàtí 53 lọ́sẹ̀.

Mo máa ń kọ ìṣirò yìí sára pátákó nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ń ṣe fún àwọn aṣojú òṣìṣẹ́. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo bù ún pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé mo gbàgbé ọkọ̀: bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ti ń gbé ọmọ tiwọn ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, nígbà tí oorun ṣì wà lójú ọmọ. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ọjọ́ rẹ̀ rí báyìí. Ọ̀kẹ́ àìmọye ni kò tilẹ̀ rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ rárá, ọ̀rọ̀ tiwọn sì tó ohun tí a ń kọ ìwé ọ̀tọ̀ lé lórí. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ inú ìlú ńlá, tí òbí wọn ń febi pa ara wọn kí wọ́n lè san owó ilé-ẹ̀kọ́, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí.

Ní ọdún 1919, nígbà tí wọ́n dá Àjọ Àgbáyé tó ń rí sí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ILO, sílẹ̀, àdéhùn àkọ́kọ́ tí àjọ náà ṣe ni pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́ tàbí wákàtí 48 lọ́sẹ̀. Àwọn èèyàn ti lọ sẹ́wọ̀n, àwọn mìíràn ti kú, kí àdéhùn yẹn tó wáyé. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ tiwa, tó ti wà láti 1974, sọ ní abala 13 pé òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní àkókò ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní dín ní wákàtí kan. Abala 59 tún fi kún un pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ ní àtẹ̀léra, kò sì gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ọmọ ọdún 15 bá gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, òfin ní kí ó sinmi. Bí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀, ẹgbẹ́ wa lè fa á lọ síwájú alábòójútó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jókòó sínú kíláàsì kò ní ẹgbẹ́, kò ní aṣojú, òfin iṣẹ́ kò sì mọ̀ ọ́n rí. Wákàtí 53 rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ń gbé àkọlé dání ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún lọ́dọọdún nítorí wákàtí mẹ́jọ ni òbí rẹ̀.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kù fún un pàápàá, ìgbà tí àwọn ọmọ ń pè ní bíréèkì, kì í pé. Ọmọ tí kò tíì kọ àkọsílẹ̀ ojú pátákó tán á jókòó títí yóò fi kọ ọ́ tán. Ẹni tó pariwo nígbà tí olùkọ́ jáde á kúnlẹ̀. Kíláàsì tí ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń bọ̀ wá bá á jẹun lórí tábìlì ìkọ̀wé, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, bíréèkì ti di àkókò títa ìpápánu: ọmọ á tò, á ra bisikíìtì, á jẹ ẹ́ níbi tó dúró sí, agogo á sì lù. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan bá fi àkókò oúnjẹ jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ níyà nítorí pé ó sọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀hónú wa á ti dé orí tábìlì rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Àwọn kan á ní eré lásán kọ́ la rán ọmọ lọ ṣe nílé-ẹ̀kọ́. Kí ni wọ́n ń pè ní eré lásán? Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá kan kí ẹ wo àwọn ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ní bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Kò sí àgbà láàárín wọn. Wọ́n á fi òkúta méjì méjì ṣe góòlù. Wọ́n á pín ara wọn sí sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, wọ́n á sì fẹnu kò pé sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá gbá góòlù sí nínú á jáde fún èyí tó ń dúró. Àríyànjiyàn á ṣẹlẹ̀: bọ́ọ̀lù náà wọlé tàbí kò wọlé? Kò sí adájọ́, síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí agogo kò ní dúró dè wọ́n. Ọmọ tó ni bọ́ọ̀lù a tilẹ̀ bínú, a gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, a ní òun ń lọ. (Gbogbo wa la mọ àgbàlagbà tó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ní ilé-iṣẹ́ lónìí.) Àwọn yòókù á yan ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn kí ó lọ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní gbà pé kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù láìjáde nígbà tí ó bá kàn án láti jáde. Ẹni tó bá ti kópa nínú ìdúnàádúrà rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ti kọ́kọ́ ń mọ ohun tó ń jẹ́ àdéhùn, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé òfin tí a jọ ṣe la jọ ń tẹ̀lé, àti pé ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kò ní rí ẹni bá ṣeré lọ́la. A kò lè kọ nǹkan wọ̀nyí sójú pátákó kí ọmọ dà á kọ.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ eré ìdárayá tí olùkọ́ ń darí, àní ìdíje eré láàárín ilé kan sí ìkejì tí à ń ra aṣọ aláwọ̀ fún, kò fi lè dípò ìgbà eré. N kò bá wọn jà, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n fèrè olùkọ́ ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Nígbà bíréèkì, ọmọ ló ń pàṣẹ fún ara rẹ̀.

Irú eré bẹ́ẹ̀ kò sì mọ ààlà. Ní Kano àti Sokoto, àwọn ọmọkùnrin ń ṣe langa: wọ́n á fọwọ́ di ẹsẹ̀ kan mú sẹ́yìn, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kan tó kù tọ, wọ́n á sì máa ti ara wọn ṣubú. Ní ilẹ̀ Ìgbò àwọn ọmọbìnrin ń fo oga, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fò, wọ́n á sì na ẹsẹ̀ kan síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Èkó wọ́n ń pe ọ̀kan tó fara jọ ọ́ ní ten-ten, ní Gánà ampe ni. Ọmọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ láti Enugu lọ sí Èkó, tàbí tí ìyá rẹ̀ ń ṣòwò lọ sí Accra, kò ní láti gbọ́ èdè kó tó rí ọ̀rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwa tí a ń wá ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí.

Ọmọ olówó tí kò rí bíréèkì nílé-ẹ̀kọ́ ṣì ní ọgbà tí koríko wà nílé. Ọmọ tiwa ń gbé yàrá kan nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, níbi tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́jọ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tí ọkọ̀ sì ń sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, kò tíì bọ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n á ti ní kó lọ pọn omi, kó gbé àbúrò rẹ̀, tàbí kó gbé igbá ọjà sórí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bíréèkì yẹn ni gbogbo eré tó kù fún un láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí i.

Ta ló wá gbà á? Ilẹ̀ ni èèyàn kọ́kọ́ ń rí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011 ka ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó lé ní 12,000. Ọ̀pọ̀ nínú irú wọn ló wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹbí láti gbé. Ibi tí onílé ì bá máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ni wọ́n ń pè ní pápá, ìkòkò òdòdó mẹ́ta ló sì kún ibẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ti yí ọ̀pọ̀ ọgbà ká, wọ́n sì ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kejì àti ìkẹta sórí pápá ti àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ ní 2014, tí ìjínigbé sì ti ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ̀rù tún ti lé àwọn ọmọ wọ inú kíláàsì. Èyí kò ṣeé fi ṣeré, n kò sì ní bá òbí tí ẹ̀rù ń bà jiyàn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan kọ́. Ní 1991 ìjọba ológun gbé àkóso ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Owó oṣù olùkọ́ di ohun tí à ń retí bí òjò ìgbà ọ̀dá, ìyanṣẹ́lódì ń tẹ̀lé ìyanṣẹ́lódì, títí tí ìjọba fi tún ètò náà yí padà ní 1993. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èmi náà nígbà náà. Kí n má parọ́, inú wa dùn sí ìyanṣẹ́lódì náà, nítorí a rí eré ṣe títí ó fi sú wa. Àwọn olùkọ́ wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni lẹ́sìn fi gbòòrò, tó sì di ara oúnjẹ olùkọ́. Òṣìṣẹ́ tí kò rí owó oṣù rẹ̀ gbà á wá ọ̀nà mìíràn jẹun. N kò dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Ẹni tí mo dá lẹ́bi ni olùkọ́ tó ń fi ìdajì ẹ̀kọ́ pamọ́ di ọ̀sán, kí ọmọ tí kò sanwó lẹ́sìn má bàa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: gbèsè tí ìjọba àti àwọn onílé-ẹ̀kọ́ jẹ olùkọ́, inú ìgbà eré ọmọ ni wọ́n ti ń san án.

Àwa òbí náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò jẹ́ kó wọlé kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù, níbo ni yóò fi ọmọ sí láti aago méjì ọ̀sán? Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ìdí tí wọ́n fi ń sanwó lẹ́sìn. Díẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ ìṣirò tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹnìkan ti ń bá àwọn mójú tó ọmọ. Nítorí náà, wákàtí iṣẹ́ tiwa ló ń fà gùn wọnú ọjọ́ ọmọ. Nínú owó oṣù tó kéré jù lọ, 70,000 náírà tí òfin 2024 fi lélẹ̀, ni a sì ti ń sanwó kí wọ́n lè pa ọmọ mọ́ sórí bẹ́ǹṣì.

Ohun tí òbí tún ń sọ ni pé ọmọ tó bá ń ṣeré á gbẹ́yìn nínú ìdánwò. Ìbẹ̀rù tòótọ́ ni, nítorí àyè kò pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi òṣìṣẹ́ tó ti ṣe ọfataìmù ọjọ́ mẹ́fà léraléra pé báwo ni iṣẹ́ wákàtí tó kẹ́yìn ṣe rí, àti ìgbà wo ni ẹ̀rọ ń géni lọ́wọ́ jù. Opolo ọmọ náà ń rẹ̀. Ní Fínlándì, níbi tí àwọn ọmọ kò kẹ́yìn nínú ìwé rárá, àṣà wọn ni pé bí wọ́n bá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ìṣẹ́jú 45, wọ́n á jáde síta fún ìṣẹ́jú 15. Ní 2013 ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kéde pé ìgbà eré wúlò fún ara àti fún ẹ̀kọ́ bákan náà, wọ́n sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ọmọ nítorí ìjìyà tàbí nítorí iṣẹ́ kíláàsì.

Òfin náà kò sì sí lẹ́yìn ẹni tó ń gba bíréèkì. Abala 31 nínú Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1991, dárúkọ ìsinmi àti eré. Abala 12 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 tún un sọ. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ pàápàá sọ pé eré ni kí ó jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí a ó máa gbà kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta ń gbé iṣẹ́ àmúrelé bọ̀ wálé.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ bíréèkì ló yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé lọ síwájú agbanisíṣẹ́. Àwọn kan ti ṣe é, wọ́n sì ṣe é yọrí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà yan iṣẹ́ lódì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Owó oṣù wà lára ohun tí wọ́n béèrè, ìdánwò àpọ̀jù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé pé kí gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìgbà eré lójúmọ́. Ní ọdún kan ṣáájú, àwọn oníròyìn ti fi hàn pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ tálákà àti ọmọ aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí ni ìgbà eré wọn kúrú jù. Àwọn òbí ti ń pariwo ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ gbé e sínú ìdúnàádúrà, wọ́n tò sẹ́yìn wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà wọ inú àdéhùn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè; bẹ́ẹ̀ náà ni ti òbí àti olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, orílẹ̀-èdè tiwa sì ni kí a ti ṣe é báyìí.

Àwọn ẹ̀ka tó wà ní ilé-iṣẹ́ aládàáni lè béèrè ibi ìtọ́jú ọmọ àti àkókò ìparí iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kí òbí kan lè wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ẹ̀ka olùkọ́ lè fi bíréèkì tí a kò gbọdọ̀ fi jẹ ọmọ níyà kún ohun tí wọ́n ń béèrè pẹ̀lú owó oṣù, nítorí ìgbà tí ọmọ bá sinmi ni olùkọ́ pàápàá ń rí omi mu. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó di ṣíṣe, ìpàdé òbí àti olùkọ́ wà ní sáà yìí. Ẹ lọ. Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó wà lára ògiri kíláàsì wá síwájú ìpàdé, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú bíréèkì níbẹ̀. Ẹ béèrè iye ọmọ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti ohun tí ó fà á. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kí ẹ fẹsẹ̀ wọn ọ́n. Kí akọ̀wé kọ àwọn ìdáhùn náà sínú ìwé ìpàdé, kí ẹ̀ka yín sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa kí sáà yìí tó parí.